Àjàkálẹ̀ dé, wọ́n ní ká má péjọ: ìbéèrè tí àwọn ará àdúgbò ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dé, èmi ni akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, lápá Agége níbí, fóònù mi ò sinmi rárá. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń pè, àwọn mìíì ń sunkún bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Mo ń kọ àwọn ìbéèrè náà sínú ìwé kan nígbà yẹn, ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wá tò wọ́n síbí pẹ̀lú ohun tójú mi rí, torí àjàkálẹ̀ mìíì lè dé nígbàkigbà, mi ò sì fẹ́ kó bá wa lójijì bí ìyẹn ṣe bá wa.

Ara mi le, mi ò wúkọ́, mi ò sín, kí ló kàn mí tí mo fi máa jókòó sílé?

Ó kàn yín gan-an ni. Tí Kòrónà bá wọ ara èèyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 5 sí 6 kó tó hàn, ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 14, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lonítọ̀hún ti lè máa kó o ran ẹlòmíì. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní mọ̀ láéláé pé àwọn ní i. Torí náà ẹni tára ẹ̀ le yẹn ló ń gbé e kiri láìmọ̀, ó tibi iṣẹ́ dé, ó gbé ọmọ, ó bá màmá jẹun, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì màmá ò lè mí dáadáa mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe wọ Nàìjíríà. Ọkùnrin ará Ítálì kan ló bàlẹ̀ s'Ékòó láti Milan, ó kọjá lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti ní i. Gbogbo ibi tó ti kọjá kó tó dùbúlẹ̀, látinú bàálù títí dé ibi iṣẹ́, ni wọ́n ní láti padà lọ wá èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o.

Kí kálukú ṣáà tọ́jú ara ẹ̀ kẹ̀, kí ló kan àdúgbò nínú ẹ̀?

Ẹni tó ní kànga nílé, tó ní fíríìjì tó kún, tówó oṣù ẹ̀ ń wọlé bó jókòó bó dìde, òun lè dá tọ́jú ara ẹ̀. Ẹni tó ń pọn omi lójúlé kẹta ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé owó tó rí láàárọ̀ ló fi ń ra oúnjẹ alẹ́ ńkọ́? Àwọn yìí ò lè gbélé tẹ́nì kankan ò bá dúró tì wọ́n, tí wọ́n bá sì jáde, atẹ́gùn kan náà ni gbogbo wa ń mí sínú. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mo sì sọ ọ́ ní mítìn wa títí ohùn mi fi há: tá a bá ní kẹ́nì kan má jáde, àwa tá a sọ bẹ́ẹ̀ la máa gbé omi àti oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Tá ò bá lè ṣe ìyẹn, a ò lẹ́nu láti pàṣẹ fún un.

Tí mi ò bá jáde lónìí, kí làwọn ọmọ mi máa jẹ?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú ìwé mi, ojú ewé mẹ́rin ló gbà.

Aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó àti Àbújá, Ògùn bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 14 ni Ààrẹ Buhari kọ́kọ́ sọ, nígbà tó pé, wọ́n tún fi 14 mìíì lé e, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó tú u díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ẹ ro ti kọ̀ndọ́, ti fọkanáísà, ti aláàárù, ti onídìrí, ti télọ̀ tó jẹ́ pé aṣọ Ọdún Àjíǹde ló gbójú lé. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ ń bọ̀, ó dé ibòmíì, ṣùgbọ́n ní títì tiwa, páálí kan péré ló débẹ̀ fún odidi ilé 30, búrẹ́dì méjì, ìrẹsì díẹ̀, gààrí díẹ̀.

La bá jókòó, àwa mẹ́fà, a kọ orúkọ gbogbo ojúlé sílẹ̀. A ò kọ ẹni tó tálákà jù, torí ìyẹn máa ń di ìjà, iṣẹ́ tóníkálukú ń ṣe la kọ, àti iye ẹnu tó ń bọ́. Ẹni tówó ẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, a ní kó dá owó. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì tà á fún wa ní iye tó rà á. Lándílọ́ọ̀dù mẹ́ta gbà pé àwọn ò ní bèèrè owó ilé oṣù yẹn, Ọlọ́run á san án fún wọn. Kóńgò la fi wọ̀n ọ́n: ìrẹsì méjì, gààrí mẹ́ta, ẹ̀wà kan, òróró ike kékeré kan, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Alẹ́ la ń gbé e kiri, kójú má bàa ti ẹni tó ń gbà á.

Obìnrin kan wà tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ dé, ó dákẹ́, ó ń wo kóńgò ẹ̀wà yẹn. Ó wá ní ẹ̀wà tó yẹ kóun fi din àkàrà lòun àtàwọn ọmọ òun ń sè jẹ látọjọ́ mẹ́rin, "mo ti jẹ owó òwò mi tán, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ìta lọ́la, mi ò ní nǹkan tí màá tà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Àtìgbà yẹn la ti ń ya owó kan sọ́tọ̀, kékeré ni, ti pé tí wọ́n bá ṣí ìgboro, ká lè ra nǹkan ìbẹ̀rẹ̀ fún irú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe tiyín lọ́jọ́ mìíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹni tó gbélé torí yín, ọjọ́ tó bá jáde gan-an nìyà tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn méje ló ń sùn nínú yàrá wa, yàrá mẹ́wàá ló ń lo ilé ìwẹ̀ kan, báwo la ṣe fẹ́ jìnnà síra wa?

Ẹ ò lè fi mítà méjì jìnnà nínú ilé face-me-I-face-you, ẹ má fìyẹn da ara yín láàmú. Ẹ ka gbogbo ilé náà sí ẹbí kan, kẹ́ ẹ wá dín iye ẹni tó ń wọlé tó ń jáde kù. Gééètì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tára wọn le, tí wọn ò tíì dàgbà púpọ̀, ni kó máa lọ sọ́jà fún gbogbo ilé, tí wọ́n bá dé, ọṣẹ àti omi ni kó kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kí àlejò má wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, kó dúró níta kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ gbé ààrò kúrò ní kọ́rídọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, torí ibi tí atẹ́gùn ò ti ń fẹ́ làrùn inú èémí ti ń jọba. Tára ẹnì kan bá ń gbóná, ẹ fún un ní yàrá tó bá ṣeé ṣe, kí àwọn ọmọ lọ sùn ní yàrá kejì, kó máa lo ìbòmú tó bá jáde, kó máa wẹ̀ gbẹ̀yìn, kẹ́nì kan sì fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Nílé kan lágbègbè wa, wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ògiri, wọ́n kọ àkókò tí yàrá kọ̀ọ̀kan máa lọ pọn omi síbẹ̀. Títí kónílé-ó-gbélé fi parí, bébà yẹn ò já.

Ẹnì kan ti kó o nílé wa. Ṣé ká ní kí wọ́n kó jáde?

Rárá o! Ẹ má ṣe é.

A ní ọ̀gbẹ́ni kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní i, áḿbúláǹsì wá gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn tó ní àrùn àkóràn ní Yaba lójú gbogbo èèyàn, àwọn tó wá gbé e wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí. Ìyàwó ẹ̀ rán ọmọ lọ ra ṣúgà, oníṣọ́ọ̀bù ní kó sọ owó sílẹ̀ kó máa lọ, kò ta á fún un. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ omi mọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹta lándílọ́ọ̀dù wọn pè mí pé òun fẹ́ kí wọ́n kó jáde, mo sáré lọ, mo dúró lójúde, mo rí àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n fojú mọ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Mo bẹ lándílọ́ọ̀dù yẹn títí, mo ní ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fẹ́ lò nínú ilé, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.

Àpótí ìjókòó kan la gbé sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá kàn á gbé abọ́ síbẹ̀, á kan ìlẹ̀kùn, á sún sẹ́yìn, obìnrin yẹn á ṣí i, á kúnlẹ̀ dúpẹ́ látọ̀ọ́kán. Tó bá jẹun tán, á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ abọ́, á dojú ẹ̀ dé sórí àpótí nínú oòrùn. Ọkọ ẹ̀ padà dé láyọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn sí i, ẹni méjì mìíì fúnra wọn wá sọ fún mi pé àwọn ò gbóòórùn nǹkan mọ́, pé kí n bá àwọn pe àwọn tó ń ṣe tẹ́sìtì. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ láé ká ní a lé ti àkọ́kọ́ jáde.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1918 tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn líle (influenza) táwọn bàbá wa ń pè ní lùkúlùkú bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó lóṣù kẹsàn-án, àwọn wolé-wolé ń wọlé kiri láti wá ẹni tára ẹ̀ ò yá, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àìsàn bá ará oko. Ìbẹ̀rù ló gbé e rìn, ọkọ̀ ojú irin sì bá a gbé e.

Ṣé gbígbélé yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo Ebola ọdún 2014. Ọkùnrin kan gbé e láti Làìbéríà wọ Èkó lóṣù keje, dókítà Ameyo Stella Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn bó ti wù kí wọ́n halẹ̀ tó. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn náà rí, wọ́n tó 900, wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́ títí ọjọ́ 21 fi pé. Ẹni 20 ló ní i ní gbogbo Nàìjíríà, ẹni 8 kú, dókítà yẹn wà lára wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ìlú tó tóbi tó Èkó! Àwọn tí wọ́n gbélé fún ọjọ́ 21 yẹn, a ò morúkọ ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ló gbà wá.

Àwọn ọmọ Awawa, ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú yẹn, ń dà wá láàmú lóru, ṣé ká má ṣọ́ àdúgbò ni?

Ẹ ṣọ́ ọ. Lóṣù kẹrin 2020 gbogbo Agége, Ìfàkọ̀ títí dé Sàngó Ọ̀tà ni ò sùn, táyà ń jó ní gbogbo oríta. Àṣìṣe tiwa ni pé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwa ọkùnrin tó tó 40 la kóra jọ sídìí iná kan, ife tíì kan là ń gbà lọ́wọ́ ara wa. Gbogbo ohun tá a ti ń yẹra fún látàárọ̀, a fi òru ṣe é, ó sì dùn mí títí dòní. Lọ́jọ́ kejì a pín ara wa sí mẹ́rin mẹ́rin, oríta kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú ife tiẹ̀, fèrè la fi ń pe ara wa.

Ọlọ́run ló ń wò wá sàn, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ká má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí?

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Èkó kọ́kọ́ ní kí àpéjọ ìjọsìn má ju èèyàn 50 lọ, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ó di 20. Ilé ni mo ti ṣe Àjíǹde lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin, èmi àti ìyàwó àtàwọn ọmọ, a kọrin títí. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì láìsí àṣàmù nílé Lèmọ́ọ̀mù, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ náà, ilé lọ̀pọ̀ wọn ti kírun. Alùfáà kan ló rán wa létí lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé Ànọ́bì ti sọ pé tá a bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ wà nílùú kan, ká má wọ ibẹ̀, tó bá sì bá wa nílùú tiwa, ká má sá jáde. Jésù náà sọ pé ẹni méjì mẹ́ta ti tó. Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ni mọ́ṣáláṣí ṣí l'Ékòó, ṣọ́ọ̀ṣì ṣí lọ́jọ́ 9, ìdajì èèyàn péré ni wọ́n sì gbà láyè. Ọlọ́run ò kọ̀ wá sílẹ̀ láàárín ìyẹn.

Ìgbéyàwó ọmọ mi ńkọ́? Ìsìnkú bàbá wa ńkọ́?

Ìgbéyàwó, ẹ sún un síwájú. Aṣọ ẹbí ò ní bàjẹ́. Ìjẹ̀bú Òde fagi lé Ojúde Ọba lọ́dún 2020 àti 2021, Ìjẹ̀bú kan náà tá a mọ̀, ọdún náà sì padà wá.

Ìsìnkú ló le, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bàbá àgbà kan kú láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèje, mẹ́rin ò lè dé, ọ̀kan wà ní London tí wọ́n ti sé ìlú tiwọn látọjọ́ 23 oṣù kẹta. Fóònù la gbé sókè lójú sàréè kó lè rí i, nẹ́tíwọ̀kì ń já, ó ń pariwo "ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sún mọ́ ọn." Ohun tá a lè ṣe ni pé ká sin òkú, ká fi ayẹyẹ sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú, kí àdúgbò má sì fi ọ̀rọ̀ bú àwọn ọmọ pé wọn ò ṣe òkú bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń lé àwọn èèyàn ṣe ohun tí kò yẹ.

Àṣà Yorùbá ò ti gbogbo èyí lẹ́yìn ṣá.

Ó tì í lẹ́yìn kẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń gbóná láyé àtijọ́, tí wọn ò fẹ́ dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í kóra jọ ṣàríyá, òkú ẹni tó bá bá a lọ, àwọn tó mọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń gbé e. Ìkíni wa gan-an ńkọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, ṣé ẹ ní láti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni? Bíbọ ọwọ́ yìí, a lè fi í sílẹ̀.

Màmá mi ti lé ní 80, ó dá gbé, ó ní ìdánìkanwà á pa òun kí Kòrónà tó débẹ̀.

Ẹ gbọ́ tiwọn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí á máa wọlé tọ̀ wọ́n, ẹni tí kì í rìn káàkiri, àwọn tó kù á dúró lójú fèrèsé. Ẹ máa pè wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, kó ní àkókò kan pàtó kí wọ́n lè máa retí ẹ̀. Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kó tó tán.

Àwọn kan ò gbọ́ràn, ṣé ká pe ọlọ́pàá?

Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà ní àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18, iye yẹn ju iye tí Kòrónà tíì pa ní Nàìjíríà lásìkò náà. Ẹ rán ẹni tí onítọ̀hún ń bọ̀wọ̀ fún lọ bá a, ìyá ẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá ọjà. Ẹ bi í léèrè kí ló ń lé e jáde, ìdí máa ń wà. Tó bá jẹ́ pé pátì ló ń ṣe, ìyẹn yàtọ̀, kí àwọn àgbà lọ pa ẹ̀rọ orin yẹn.

Mo rí oògùn kan lórí WhatsApp, ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí gírúùpù?

Ẹ má fi ránṣẹ́. Nígbà Ebola omi iyọ̀ ni wọ́n ní ká mu, àwọn kan kú. Nígbà Kòrónà kílórókúìnì ni, àwọn èèyàn lò ó débi tí wọ́n fi dèrò ọsibítù l'Ékòó. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì àdúgbò yín, ọ̀kan ò ní ṣàìsí nítòsí.

Ìgbà wo la máa ń dáwọ́ dúró?

Díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Wọ́n tú ìgboro díẹ̀ lóṣù karùn-ún, ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ṣí lọ́jọ́ 1 oṣù keje, oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni WHO tó sọ pé kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Àwa ò tú ìgbìmọ̀ wa ká. Àkọsílẹ̀ ojúlé yẹn ṣì wà, a máa ń tún un ṣe lóṣù kìíní ọdọọdún, ẹni tó kó wá la ń fi kún un, ẹni tó kó lọ la ń yọ. Àpótí ìjókòó yẹn náà wà nílé mi. Obìnrin alákàrà yẹn ti padà sídìí agbada ẹ̀, òun ló ń bá wa gba owó ìdáwó lápá ìsàlẹ̀ títì báyìí.